Ìyẹ́ Tó Kán ní Ìrù Bóòsùn

Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, ọmọ ọmọ mi obìnrin ń lọ aṣọ ilé-ìwé rẹ̀ sílẹ̀ de ọjọ́ Ajé. Iná ti dé, inú gbogbo wa sì ń dùn, torí ẹni tó bá ń gbé Apápá mọ̀ pé bí iná bá dé, iṣẹ́ tó nílò iná la kọ́kọ́ ń sá sí kó tó tún lọ. Ọmọ náà po sitáàsì rẹ̀ ki jù, ó sì jẹ́ kí áyọ́ọ̀nù gbóná jù. Kí n tó béèrè pé kí ló ń jó, òórùn náà ti gba gbogbo pálọ̀: òórùn gbágùúdá tí iná fẹ́rẹ̀ẹ́ jó, tó dùn díẹ̀, tó sì tún korò díẹ̀ nínú imú. Mo kàn jókòó síbẹ̀.

"Gíráńmà, ẹ má bínú," ló wí. "Kọ́là nìkan ló jó."

Mi ò bínú. Èmi tí mo jókòó síbẹ̀ yẹn, mo ti padà sí Ajégúnlẹ̀, mo ti di ọmọdébìnrin tí eyín iwájú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù padà, mo sì ń wo ẹyẹ kan tí ẹ̀jẹ̀ ń kán láti ìdí rẹ̀ sórí símẹ́ńtì, láìsí ohun tí ẹnikẹ́ni nínú wa lè ṣe sí i. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fún yín, ẹ̀yin ọmọ tí ẹ kò bá ayé yẹn.

Ilé gígùn ni ilé tí a ń gbé nígbà náà. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan ló là á já láti iwájú dé ẹ̀yìn, yàrá sì kọjú sí yàrá lápá ọ̀tún àti lápá òsì, tó fi jẹ́ pé bí ará yàrá òdìkejì bá sín, inú yàrá tìrẹ ni wàá ti kí i. Yorùbá wà níbẹ̀, Ìjọ̀ wà níbẹ̀, Ùròbò àti Ìgbò náà wà níbẹ̀. Píjìn la fi ń bára wa ṣọ̀rẹ́, òun náà la sì fi ń bára wa jà. Ẹ̀yìnkùlé ni kànga àti ilé ìdáná wà, pẹ̀lú okùn tí ìyá mi ń sá aṣọ sí, okùn náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ẹ̀yìnkùlé náà tán.

Alágbàfọ̀ ni ìyá mi. Aṣọ funfun àwọn ọ̀gá tó ń gbé lápá Apápá, níbi tí igi ti ṣíji bo títì, ló ń fọ̀. Sitáàsì tirẹ̀ kì í ṣe ti inú agolo. Òun fúnra rẹ̀ ló ń rin gbágùúdá, tó ń fi aṣọ sẹ́ ẹ, tó ń jẹ́ kó silẹ̀ mọ́jú. Láàárọ̀, á da omi orí rẹ̀ nù, á sì ha ìyẹ̀fun funfun tó wà nísàlẹ̀ abọ́ sórí àtẹ kó gbẹ. Ẹni tó bá wọ ṣòkòtò tí ìyá mi lọ̀, bó bá fẹ́ jókòó, ṣòkòtò náà á kọ́kọ́ rò ó wò ná kó tó tẹ̀ lé e.

Wọ́ọ̀fù, níbi tí ọkọ̀ òkun ń gúnlẹ̀ sí, ni bàbá mi ti ń ṣiṣẹ́. Òun ló ń dúró létí ihò ọkọ̀ òkun, tó ń júwe fún ẹni tó ń wa wínṣì tí wọ́n fi ń gbé ẹrù, nítorí ẹni yẹn kò lè rí ìsàlẹ̀. Bí ẹrù bá yẹ kó gòkè, bàbá mi á pariwo "Híífù!" Bó bá yẹ kó sọ̀ kalẹ̀, á ní "Lówà!" Ìmàle ni, ìyá mi sì ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, kò sì sí ẹni tó rí i bíi nǹkan bàbàrà. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í pọ̀ nílé. Ìyá mi máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó ti ná gbogbo ohùn rẹ̀ tán sí wọ́ọ̀fù kó tó dé.

Bùrọ̀dá Oríyọmí ló gbé ẹyẹ náà wá. Ọmọ Ìlàjẹ ni, ó ń gbé ní Marine Beach nínú ilé pákó tí omi ń gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Ó ti bá bàbá mi ṣiṣẹ́ ní wọ́ọ̀fù fúngbà díẹ̀ kó tó ríṣẹ́ sínú ọkọ̀ òkun. Kò tíì níyàwó, ìyá àti bàbá rẹ̀ sì ti kú. Odídẹrẹ́ yìí nìkan ló ní. Ó ní láti ìgbà tí kò tíì hu ìyẹ́ kankan ni òun ti ń fi ọwọ́ bọ́ ọ ní ẹ̀kọ. Bóòsùn ló sọ ọ́, torí nínú ọkọ̀ òkun, bóòsùn ló ń pàṣẹ fún àwọn atukọ̀, ẹyẹ náà sì fẹ́ràn àṣẹ pípa.

Ọjọ́ tó ń lọ, ó gbé àgò rẹ̀ ka orí tábìlì wa. "Bàbá, ẹ bá mi tọ́jú rẹ̀," ló wí. "Bí mo bá pè nínú yàrá mi, òun nìkan ló ń dá mi lóhùn." Bàbá mi fi ọwọ́ méjèèjì di àgò náà mú, ó ní, "Àmánà ni." Ó wá yíjú sí èmi àti ìyá mi, ó ní kí a gbọ́ ọ dáadáa, pé ohun tí ènìyàn bá fi síkàáwọ́ ẹni, bó ṣe fi sílẹ̀ ló gbọ́dọ̀ bá a, àti pé Ọlọ́run á béèrè rẹ̀. Ó ṣàdúrà fún Bùrọ̀dá Oríyọmí pé odídẹrẹ́ kì í kú sóko ìwájẹ. Kí a tó ṣe àmín, Bóòsùn ti pariwo "Híífù!" látinú àgò, àdúrà náà sì di ẹ̀rín mọ́ wa lẹ́nu.

Ẹ ò lè mọ bí ilé ṣe rí nígbà tí Bóòsùn wà níbẹ̀. Bí ìyá mi bá ń sọ ìkòkò kalẹ̀ lórí iná, "Lówà!" Bí mo bá ń fa omi nínú kànga, "Híífù! Híífù!" títí ojú á fi tì mí. Ó kọ́ bí bàbá mi ṣe ń súfèé bó bá ń wọlé, débi pé lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ìyá mi á ti bu oúnjẹ kalẹ̀ fún ọkọ tó ṣì wà létí ihò ọkọ̀. Ìyá Èbì, ará Ìjọ̀ tó wà ní yàrá tó kọjú sí tiwa, bá ẹyẹ náà ṣe asọ̀ nílé ìdáná nígbà kan, ẹyẹ ló sì borí. Gbogbo ara rẹ̀ ló ní àwọ̀ eérú, ṣùgbọ́n ìrù rẹ̀ pupa fòò. Bí oòrùn ìrọ̀lẹ́ bá gba ojú fèrèsé wọlé, mo máa ń dúró wo ìrù yẹn lásán, láìṣe nǹkan kan.

Ẹ tún jẹ́ kó yé yín pé nígbà náà, àwọn atukọ̀ òyìnbó fẹ́ràn odídẹrẹ́ bí ọmọdé ti fẹ́ràn súìtì. Ẹni tó bá gbé ọ̀kan dé ẹnu géètì wọ́ọ̀fù kì í gbé e padà wálé, wọ́n á ti rà á lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sí ọmọ Ajégúnlẹ̀ tí kò mọ èyí.

Ó wá kan Bàbá Láńlọ́ọ̀dù. Mi ò ní purọ́ mọ́ wọn, èèyàn dáadáa ni wọ́n. Bí òrùlé bá ń jò, wọ́n máa ń wá wò ó kí wọ́n tó gbàgbé. Ìlú wọn fẹ́ fi wọ́n joyè, àwọn ará ìlú sì ní kí olóyè tuntun wá pẹ̀lú ìkóódẹ lára fìlà. Ìkóódẹ ni ìyẹ́ pupa tó wà nírù odídẹrẹ́, ẹ̀yin náà sì mọ̀ pé kì í ṣe ìyẹ́ tí a fi ń nu etí. Bàbá Láńlọ́ọ̀dù wá bá bàbá mi pé kí ó fún àwọn ní ẹyọ kan. Bàbá mi dọ̀bálẹ̀, ó ní bó bá ṣe tòun ni, gbogbo ìrù rẹ̀ ni òun ì bá fi ṣe wọ́n lálejò, ṣùgbọ́n àmánà ni. Bóòsùn ti ń pààrọ̀ ìyẹ́ nígbà yẹn, èyí tó bá sì jábọ́ fúnra rẹ̀, bàbá mi ń ṣà á sínú agolo mílíìkì kan de Bùrọ̀dá Oríyọmí. Ó ní bí ẹni tó ni ín bá dé, òun á bá wọn tọrọ ọ̀kan. Bàbá Láńlọ́ọ̀dù rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ó dára. Ṣùgbọ́n ọjọ́ ìwúyè kò dúró de ọkọ̀ òkun.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni, nígbà òjò. Bàbá mi wà níbi iṣẹ́. Ìyá mi ń lọ aṣọ, èmi sì ń fẹ́ná sí èédú tí a fẹ́ kó sínú áyọ́ọ̀nù rẹ̀. Bàbá Láńlọ́ọ̀dù rọra wọlé, ẹ̀pà díẹ̀ wà lọ́wọ́ wọn. Ìyá mi kúnlẹ̀ kí wọn. Ó mọ ohun tí wọ́n wá ṣe, mo rí i lójú rẹ̀ pé ó mọ̀, ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ fún àgbàlagbà, tó tún jẹ́ onílé, pé kó má fọwọ́ kan nǹkan nínú ilé tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ́? Ó kàn ń sọ pé, "Bàbá, ẹ ò ṣe jẹ́ kí bàbá wọn dé ná?"

"Ẹyọ kan ṣoṣo ni, ìyàwó," ni wọ́n wí. "Ṣebí yóò hu òmíràn."

Wọ́n fi ọwọ́ òsì na ẹ̀pà sí Bóòsùn, wọ́n sì fi ọwọ́ ọ̀tún wá ìrù rẹ̀. Wọn ò mú èyí tó ti gùn. Ọ̀kan wà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ, tí ìdajì rẹ̀ ṣì wà nínú awọ tó dì í bí háhá ṣe ń di àgbàdo, àwọ̀ rẹ̀ sì pọ́n ju ti àwọn yòókù lọ. Ìyẹn ló wọ̀ wọ́n lójú, torí olóyè wo ni kì í fẹ́ èyí tó pọ́n jù? Ohun tó mú un pọ́n tó bẹ́ẹ̀, ẹnikẹ́ni nínú wa ò mọ̀ ọ́n. Wọ́n fà á. Kò fà yọ. Ó kán.

Igbe tí Bóòsùn ké kì í ṣe "Híífù," kì í ṣe "Lówà," kì í ṣe ohùn ẹnikẹ́ni tó kọ́ rí. Ẹ̀jẹ̀ yọ láti ìdí ìyẹ́ náà, ó ń kán sórí símẹ́ńtì. Bàbá Láńlọ́ọ̀dù dúró, àbọ̀ ìyẹ́ tútù lọ́wọ́ wọn. "Ẹ̀jẹ̀ kẹ̀?" ni wọ́n ń sọ. "Ìyẹ́ a máa ní ẹ̀jẹ̀ bí?"

Ìyá mi ju áyọ́ọ̀nù sílẹ̀ lórí kọ́là aṣọ ọ̀gá kan, ó bu ẹ̀kúnwọ́ sitáàsì gbígbẹ kan, ó sì fi tẹ ibi tó ń ṣẹ̀jẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti mọ òórùn tó gbé mi lọ lọ́jọ́ Àìkú yẹn, torí aṣọ ọ̀gá náà ń jó lọ, kò sì sẹ́ni tó rí tirẹ̀ rò. Ẹ̀jẹ̀ náà dá. A mí kanlẹ̀. Bóòsùn gbọn ìrù, sitáàsì fò dànù, ẹ̀jẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀. Ìyá mi tún bu òmíràn tẹ̀ ẹ́, ó tún dá, ẹyẹ tún gbọn ìrù. Bẹ́ẹ̀ la ṣe títí àtẹ sitáàsì fi tán.

Ìyá Èbì ti sáré lọ pe ọkùnrin tó ń ta oògùn ní ìkángun àdúgbò wa. Ó dé, ó yọjú wo inú àgò láti ẹnu ọ̀nà, ó sì fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn. "Madam, na fowl medicine I get," ló wí. "I no get parrot own. And the fowl own sef, na before e sick dem dey give am." Ó bá wa kẹ́dùn, ó sì padà lọ jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ilé ìwòsàn ẹranko kan wà tí a gbọ́ pé ó wà ní òdìkejì Èkó, ṣùgbọ́n màlúù ni wọ́n ní wọ́n ń tọ́jú níbẹ̀, ta ni yóò sì gbé odídẹrẹ́ lọ síbi tí wọ́n ti ń tọ́jú màlúù?

Àdí ló kù. Ẹ̀yin ọmọ òde òní ò mọ àdí mọ́, epo dúdú tí a ń yọ lára ẹkùrọ́, tí a fi ń pa ọmọ lára bí ara rẹ̀ bá gbóná tàbí bí gìrì bá fẹ́ mú un. Kò sí àìsàn ọmọ tí a kò fi àdí kọ́kọ́ dojú kọ. Bàbá Láńlọ́ọ̀dù fúnra wọn ló lọ gbé ìgò tiwọn wá, ojú wọn ti pọ́n, wọ́n sì ń bẹ ìyá mi. Ìyá mi fi pa ìdí ẹyẹ náà, ó fi pa ẹ̀yìn rẹ̀, ó fi pa apá rẹ̀ méjèèjì, ó ń pè é ní ọmọ mi, ọmọ mi. Kò pẹ́ tí Bóòsùn fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Òtútù òjò wà nínú afẹ́fẹ́, a sì ti lẹ gbogbo ìyẹ́ tó fi ń bo ara rẹ̀ pọ̀.

Ọmọ ọmọ mi ti bá mi wò ó nínú fóònù rẹ̀ báyìí. Wọ́n ní ìyẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù ní ẹ̀jẹ̀ nínú, àti pé bó bá kán, kùkùté rẹ̀ á máa ṣẹ̀jẹ̀ bí ẹ̀rọ omi tí kò sé dáadáa, ìgbà mìíràn títí kùkùté náà á fi kúrò. Wọ́n ní ìyẹ̀fun tí a fi tẹ̀ ẹ́ kò burú. Wọ́n ní ká má fi epo kankan kan ẹyẹ, torí òtútù ni a fi ń pa á yẹn. Wọ́n ní dókítà ẹranko á tọ́jú rẹ̀ kíá, pé nǹkan kékeré ni. Nǹkan kékeré! Díẹ̀ ló kù kí n ju fóònù ọmọ ọlọ́mọ nù.

Ìrọ̀lẹ́ ni bàbá mi dé. Ó súfèé lẹ́nu ọ̀nà bó ti máa ń ṣe, kò sí ẹni tó dá a lóhùn. Ìyá mi sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un, ó ń sunkún. Bàbá mi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú àgò náà, kò bọ́ bàtà iṣẹ́ rẹ̀. Nígbà tí Bàbá Láńlọ́ọ̀dù wá dúró lẹ́nu ọ̀nà, tí wọn ò lè wọlé, mo retí pé bàbá mi á pariwo irú èyí tó ń pa ní wọ́ọ̀fù. Ó dìde, ó dọ̀bálẹ̀ kí wọn bó ti máa ń kí wọn, ó ní, "Ó ti ṣẹlẹ̀, Bàbá. Ẹ lọ sinmi." Inú bí mi sí i gan-an. Ọmọdé ni mí, mi ò tíì mọ̀ pé ìbínú wà tí kò ní ibi tí èèyàn lè gbé e sí.

A fi aṣọ bo àgò náà, a sì fi Bóòsùn sílẹ̀ torí kò sí ohun tó kù láti ṣe. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, kùkùté ìyẹ́ náà wà nílẹ̀ àgò. Bóòsùn ti fi ẹnu ara rẹ̀ fà á yọ, ẹ̀jẹ̀ sì ti dá. Ìyá mi kọrin ọpẹ́ títí ó fi fọ aṣọ tán lọ́jọ́ náà.

Ṣùgbọ́n àdí ò kúrò lára rẹ̀. Ìyẹ́ tó bá ti lẹ̀ pọ̀ mọ́ra, Bóòsùn á fà á tu. Ó tu ti àyà títí awọ fi hàn, ó wá kan ìrù, ó tu ìyẹn náà títí ó fi dà bí adìẹ tí wọ́n gbàgbé sínú omi gbígbóná. Kò sì sọ̀rọ̀ mọ́. Bàbá mi tí kì í sọ̀rọ̀ nílé wá di ẹni tó ń lóṣòó síwájú àgò láràárọ̀ kó tó lọ síbi iṣẹ́. "Híífù, Bóòsùn," á wí wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. "Lówà. Bóòsùn, lówà." Àwọn ará ilé kọ́kọ́ ń fi í rẹ́rìn-ín láti ojú fèrèsé. Nígbà tó yá, wọn ò fi í rẹ́rìn-ín mọ́. Ẹyẹ náà á kọjú sí ògiri, bàbá mi á sì gbé abọ́ oúnjẹ rẹ̀ lọ síbi iṣẹ́.

Bó ṣe wà nìyẹn tí Bùrọ̀dá Oríyọmí fi dé. Ṣẹ́ẹ̀tì tuntun wà lọ́rùn rẹ̀, ó ra bisikíìtì inú agolo bọ̀ fún mi, ẹ̀rín sì kún ẹnu rẹ̀. Láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló ti ń ké pé, "Bóòsùn! Bóòsùn o!" Kò sí ìdáhùn. Ó wọlé, ó wo inú àgò, ó sì wá gbé ojú sókè, ó ń wo igun yàrá gbogbo, bí ẹni tó ń wá àgò kejì.

Bàbá mi ní kó jókòó. Ó sọ fún un pé ẹyẹ náà fara pa lọ́wọ́ òun, pé ìyẹ́ ìrù rẹ̀ kan kán. Ìyá mi la ẹnu láti sọ ẹni tó ṣẹ́ ẹ, bàbá mi sì wò ó, ó pa ẹnu rẹ̀ dé. Bàbá Láńlọ́ọ̀dù wà nínú yàrá tiwọn ní ìkángun ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà, ìlẹ̀kùn wọn ṣí sílẹ̀ díẹ̀, wọn ò sì jáde. Mo bi bàbá mi léèrè nígbà tí mo dàgbà pé kí ló dé tí kò dárúkọ wọn. Ó ní, "Ọwọ́ ta ni wọ́n fi í sí?" Kò ṣàlàyé ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ó wá gbé agolo mílíìkì yẹn wá, torí ó rò pé òun lẹ̀rí òdodo rẹ̀. Ó da àwọn ìyẹ́ pupa tó ti ṣà jọ sórí tábìlì, ó ní kò sí ọ̀kan tó sọ nù. Bùrọ̀dá Oríyọmí wo ìyẹ́ pupa, ó wo ẹyẹ tó jókòó níhòòhò. Ẹ̀rín ti kúrò lẹ́nu rẹ̀ pátápátá.

"Ìrù ẹyẹ mi rèé," ló wí pẹ̀lẹ́. "Ẹyẹ wá ńkọ́, Bàbá?"

"Òun rèé."

"Rárá, Bàbá. Ẹyẹ mi mọ ohùn mi."

Bàbá mi tí kò búra rí lójú wa, búra. Ó fi Ọlọ́run búra, ó fi orí ìyá rẹ̀ búra. Bùrọ̀dá Oríyọmí tẹ orí ba, ó ní òun ti gbọ́. Ó ní, "A jọ ṣe wọ́ọ̀fù, Bàbá. Bó bá jẹ́ owó lẹ nílò, ẹ ò bá sọ fún mi." Kò pariwo. Ì bá sàn kó pariwo. Ó ṣa àwọn ìyẹ́ náà lọ́kọ̀ọ̀kan padà sínú agolo, ó kí ìyá mi, ó dọ̀bálẹ̀ fún bàbá mi, ó gbé agolo náà, ó sì fi ẹyẹ sílẹ̀ fún wa. Bàbá mi dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì, ó na ọwọ́ sí ẹnu ọ̀nà, bí ẹni tó fẹ́ júwe fún ẹni tí kò rí ìsàlẹ̀.

Bàbá Láńlọ́ọ̀dù joyè, wọ́n sì ti ibòmíràn rí ìkóódẹ. Nígbà tí wọ́n padà dé, mo ṣàkíyèsí nǹkan kan tí mi ò rí rí láyé mi: àwọn ló máa ń kọ́kọ́ kí bàbá mi láàárọ̀, àgbàlagbà bíi tiwọn, olóyè.

Òjò lọ, ọyẹ́ dé. Ìyẹ́ Bóòsùn bẹ̀rẹ̀ sí í hù padà, a kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni súnmọ́ ọn. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ìyá mi ń sọ ìkòkò kalẹ̀ lórí iná, ohùn kan sì dún láti inú yàrá: "Lówà!" Bàbá mi ń de okùn bàtà lọ́wọ́. Kò de èkejì. Ó gbé àgò náà lérí, ó sì jáde, èmi náà sì tẹ̀ lé e.

A gba Creek Road lọ sí Marine Beach. Gbogbo ọ̀nà ni Bóòsùn ń pariwo, bí ẹni tó ti kó ọ̀rọ̀ jọ látìgbà òjò. "Híífù!" ló ń ké mọ́ àwọn tó ń di ẹrù sí ọkọ̀ àjàgbé, àwọn yẹn sì ń dáwọ́ iṣẹ́ dúró, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń sọ fún bàbá mi pé hẹ́dímáànù rẹ̀ yìí, ọ̀gá iṣẹ́, le o. Bàbá mi náà ń rẹ́rìn-ín. Mi ò tíì rí i kó rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ rí. Ó ń sáré, ẹsẹ̀ bàtà kan ń fà nílẹ̀.

Obìnrin kan tó ń yan ẹja lẹ́gbẹ̀ẹ́ omi ló dá wa lóhùn. Ó ní Oríyọmí ti kó ẹrù rẹ̀, pé ó ti wọ ọkọ̀ mìíràn, ọkọ̀ wo, òun ò mọ̀. Ẹlòmíràn ti ń gbé inú ilé pákó náà. Bàbá mi béèrè, ó tún béèrè, láti ojúlé dé ojúlé. Lẹ́yìn náà a padà, àgò wà lórí rẹ̀, Bóòsùn ṣì ń pariwo. Àwọn tó ń di ẹrù tún fi wá ṣe ẹ̀fẹ̀, bàbá mi kàn ń rìn lọ. Mo di etí aṣọ rẹ̀ mú.

Mo gba Creek Road kọjá láìpẹ́ yìí. Kòténà ló kún ibẹ̀, ẹ̀rọ ló sì ń gbé wọn. Ilé gígùn wa ti di ilé alájà mẹ́ta. Wọ́n ní òfin ti de títa odídẹrẹ́, mo sì dúpẹ́, bó tilẹ̀ pẹ́ kó tó dé. Ìyá mi ti lọ, Bàbá Láńlọ́ọ̀dù ti lọ tipẹ́, kí Ọlọ́run ṣíjú àánú wò wọ́n. Ohun tí kò kúrò lára mi ni pé bí ẹnikẹ́ni bá fi nǹkan sílẹ̀ lọ́dọ̀ mi, bó tilẹ̀ ṣe agbòjò lásán, ọkàn mi kì í balẹ̀ títí yóò fi wá gbé e. Àwọn ọmọ mi máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí rẹ̀.

Bóòsùn pẹ́ lọ́dọ̀ wa, ó pẹ́ ju bàbá mi lọ. Nígbà tí àìsàn dá bàbá mi dùbúlẹ̀, kò sọ ti ilẹ̀, kò sọ ti ogún. Ó ní, "Bí Oríyọmí bá dé, ẹ gbé ẹyẹ rẹ̀ fún un." Mo ní màá ṣe bẹ́ẹ̀. Mi ò rí i ṣe. Ọjọ́ ogbó dé sí ẹyẹ náà, ó kú lọ́wọ́ mi, gbogbo ìyẹ́ rẹ̀ pé, ìrù rẹ̀ pupa fòò, mi ò sì mọ ẹni tí ǹ bá ránṣẹ́ sí.

Bùrọ̀dá Oríyọmí, bí ẹ bá ṣì wà lókè eèpẹ̀, ẹ̀yin náà á ti darúgbó. Bóyá ọmọ kan á ka èyí sí yín létí. Ẹyẹ tí ẹ fi sílẹ̀ lórí tábìlì wa lọ́jọ́ náà, ẹyẹ yín ni. Bàbá mi kò tà á.